Ìrìn-àjò sí Ítálì Nígbà Tí Èrò Ti Lọ Tán

 

Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn pé Ítálì ni a fẹ́ lọ fi ṣe àjọ̀dún ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wa, àti pé inú òtútù ni a fẹ́ lọ, ìbéèrè kò jẹ́ kí á sinmi. Àwọn kan rò pé owó ló tán lọ́wọ́ wa. Àwọn kan ní ṣé a kò mọ̀ pé nínú oòrùn ni gbogbo ayé ń lọ sí irú ibẹ̀ ni. Ìyá àgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún tilẹ̀ fà wá sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò sí nǹkan?" Kò sí nǹkan, ìyá. Ọ̀rọ̀ náà ló gùn ju èyí tí ènìyàn lè sọ lórí ìdúró lọ, ìdí nìyẹn tí a fi gbé e wá sí ojú ewé yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́. A ti lọ sí Ítálì rí. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé, tí ìdílé kò sì lè rìn àfi nígbà ọlidé. Róòmù nínú oṣù kẹjọ! Ooru tó mú wa níbẹ̀, ẹni tí ó dàgbà sí Ṣakí nínú wa ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn ti sá lọ sí etí òkun, nítorí ọjọ́ 15 oṣù náà jẹ́ ọlidé ńlá tí wọ́n ń pè ní Ferragosto, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó sì máa ń wà ní títì ní àyíká rẹ̀. Àwa àlejò ni a kù fún ara wa, tí a ń tò sórí ìlà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Níbi ilé ìjọsìn ńlá ti Pétérù Mímọ́ ni nǹkan ti bàjẹ́. Àkàsọ̀ 551 ni ènìyàn ń gùn dé orí òrùlé rìbìtì rẹ̀. Ẹni tó bá san owó ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, 320 ni ó ṣì kù fún un láti fi ẹsẹ̀ gùn. Ọ̀kan nínú wa ní dandan ni kí gbogbo wa gùn ún, òun kò sì ní san owó ẹ̀rọ kankan. Ìkejì ní orúnkún òun kò ní gbà. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, a sì gùn ún. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn kò bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Florence, ọjọ́ kejì ni a sì tó dé Florence. Àwọn ọmọ ni ó ń jíṣẹ́ láàárín wa bí ikọ̀ ọba méjì tí kò rẹ́. Ẹ má bi wá pé èwo nínú wa ló ṣe èwo. A ti bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Orúnkún kan náà ló gbé wa dé ibi tí a wà lónìí. Ó ti burú sí i láti ìgbà náà, ó sì ti tó oṣù mẹ́rìnlá tí a ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní rírìn kò ṣe nǹkan, pé ìdúró pípẹ́ lójú kan ni kí a sá fún. Ẹ wò ó báyìí: kí ni àlejò ń ṣe ní Ítálì nígbà ooru bí kò ṣe ìdúró lójú kan? Bí a bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì rí ilẹ̀ náà papọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àfi kí á lọ nígbà tí ìlà kò gùn. Ọ̀rọ̀ pé yàrá kò wọ́n nígbà náà, èrè orí ọjà ni. Owó ìrìn-àjò wà ní tiwa, ọdún mẹ́rin ni a fi dá a jọ nínú àjọ, a kò sì fẹ́ yá kọ́bọ̀ kún un.

Bí ẹ bá wo kàlẹ́ńdà Ítálì dáadáa, ẹ ó rí i pé ìgbà tí èrò kì í pọ̀ kò gùn tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò, ihò sì wà nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọlidé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá, ó sì lọ títí di bí ìdajì oṣù kẹta, kí ọdún Àjíǹde tó tún kó èrò wọlé. Ṣùgbọ́n Kérésìmesì wà láàárín rẹ̀, èrò Kérésìmesì kì í sì í túká níbẹ̀ títí ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní fi kọjá, tí òun náà jẹ́ ọlidé gbogbo orílẹ̀-èdè. Venice tún ní ayẹyẹ Carnevale tirẹ̀ kí Lẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀, owó yàrá a sì tún fò sókè. A fi bírò yí gbogbo ìwọ̀nyí ká, a sì yan ọjọ́ 13 sí 25 oṣù kìn-ín-ní. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa, tí í ṣe ọjọ́ 17, bọ́ sí àárín rẹ̀ wẹ́kú. Ọ̀kan nínú wa sì ti gbọ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù Ítálì máa ń dín owó ọjà kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n ń pè é ní saldi. Bàtà ti ń jó lójú rẹ̀. A ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú, a gba yàrá.

Ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ abẹ orúnkún ti bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní.

Ẹ gbà wá. Ohun tí a ti ń gbàdúrà fún láti oṣù mẹ́rìnlá, òun ló dé tí ojú wa fi korò. A jókòó sí ìdí tábìlì nínú ilé ìdáná, ẹnikẹ́ni kò rántí tan iná. Ẹni tí orúnkún ń dùn ní kí á kọ̀wé sí wọn kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú, nítorí ènìyàn kì í ṣe ọgbọ̀n ọdún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkejì ní rárá o, kí á pa Ítálì tì, ẹni tó bá bọ́ kúrò lórí ìlà yẹn kò mọ ìgbà tí yóò tún kàn án. Àbá méjèèjì ni wọ́n fi ìfẹ́ dá, ṣùgbọ́n ohùn tí a fi ń sọ ọ́ ti ń jọ ti Róòmù ọjọ́sí. Àkọ́bí wa obìnrin ni ó pe fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ló sì tú okùn. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣebí ìgbà tí èrò ò pọ̀ lẹ ní ẹ fẹ́ lọ? Ẹ kúkú lọ ní oṣù kọkànlá."

Ọ̀rọ̀ ọmọdé náà wọ̀ wá lára. Ká ní oṣù kẹjọ ni, ta ni yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ pé ká yí ọjọ́ padà? Ṣùgbọ́n nínú ilé mẹ́ta tí a ti gba yàrá, méjì yí ọjọ́ náà padà fún wa láìgba nǹkan kan, ìkẹta gba owó alẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni kò ṣàánú wa. A bi dókítà bóyá wíwọ ọkọ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ kò léwu, ó ní ìrìn wákàtí méjì àbọ̀ sí Róòmù kò burú. A sọ ọ̀ràn orúnkún náà ní kíkún fún àwọn oníṣọ́ránsì, owó wọn sì gòkè díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi àìsàn pamọ́ fún wọn o. Bí ọ̀ràn bá dé, tí wọ́n sì rí i nínú ìwé dókítà, apá yín nìkan ni yóò gbé owó ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ọjọ́ 5 sí 17 oṣù kọkànlá ni a ń lọ báyìí. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, ilé ni a ó wà, tí a ó máa di àpò ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń dúró de saldi kò sì tíì dárí jì wá tán.

Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ní ìwà tirẹ̀, a sì ní láti tún gbogbo ètò ṣe. Ó wà lára àwọn oṣù tí òjò máa ń rọ̀ jù ní Róòmù. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ètò wa ni ìmọ́lẹ̀. Ní ìdajì oṣù náà, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀ ní Róòmù àti ní Venice. Colosseum tó máa ń wà ní ṣíṣí títí di nǹkan bí aago méje alẹ́ nígbà ooru, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń tì í láti òpin oṣù kẹwàá títí di òpin oṣù kejì, aago mẹ́ta ààbọ̀ sì ni ẹni ìkẹyìn ń wọlé. Ẹni tó bá jẹun ọ̀sán pẹ́, ògiri ni yóò wò.

Ibí yìí ni ìwé ètò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà keji sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti kọ orúkọ ìlú mẹ́sàn-án sílẹ̀: Róòmù, Naples, Capri, Amalfi, Siena, Pisa, Florence, Milan àti Venice, ó sì tún fi Cinque Terre sí etí ìwé bí ẹni tó fi ẹran lé orí ẹran. Ìkejì kò jiyàn. Ó mú pẹ́ńsù, ó ṣe ìṣirò. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí a bá kúrò, kí á di àpò, kí á dé ibùdókọ̀, kí á wọ ọkọ̀, kí á wá ilé tuntun rí, wákàtí márùn-ún ti lọ. Ìlú mẹ́sàn-án jẹ́ ìkólé ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ìyẹn ni ogójì wákàtí, èyí tí í ṣe odindi ọjọ́ mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ nínú méjìlá. Ọjọ́ mẹ́rin lórí gbígbé àpò kiri, pẹ̀lú orúnkún yìí!

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fa igi lé orúkọ nìyẹn. Capri àti Amalfi kò tilẹ̀ le, nítorí ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wọn ni ó máa ń tì láti oṣù kọkànlá títí di nǹkan bí ọdún Àjíǹde, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbẹ̀ a sì dín kù. Cinque Terre, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etí òkè ni adùn rẹ̀, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà náà bí òjò bá le. Milan lọ, Pisa lọ, Siena fa omijé díẹ̀ kí ó tó lọ. Florence, a ó kàn sọ̀ níbẹ̀ jẹun ọ̀sán bí a bá ń pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin. A ti rí i rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wa kò bá ìkejì sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ohun tó kù ni alẹ́ márùn-ún ní Róòmù, alẹ́ mẹ́rin ní ìgbèríko Orvieto, àti alẹ́ mẹ́ta ní Venice. Róòmù ni a ó bà sí, Venice ni a ó ti gbéra padà, kí á má baà fi odindi ọjọ́ kan padà sí ibi tí a ti kúrò.

Ní Róòmù, òjò kò ní lé wa wọlé lásán. Ilé kan wà níbẹ̀ tí a fẹ́ kí òjò bá wa nínú rẹ̀, èyí ni Pantheon, tí wọ́n kọ́ parí ní ayé Hadrian Késárì ní nǹkan bí ọdún 126 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Àárín òrùlé rìbìtì rẹ̀ lu, ihò náà fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án, kò sì ní ìdérí. Bí òjò bá ń rọ̀, inú ilé ni ó ń rọ̀ sí, omi náà a sì gba àwọn ihò kéékèèké tó wà ní ilẹ̀ pẹpẹ lọ. Ní oṣù keje 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba yúrò márùn-ún níbẹ̀. Ilé ìjọsìn Santa Maria del Popolo ni a ó tún lọ, nítorí pé àwòrán tí Caravaggio yà ní nǹkan bí ọdún 1601 wà níbẹ̀, ti Sọ́ọ̀lù tó ṣubú sílẹ̀ lójú ọ̀nà Damasku, tí ẹṣin rẹ̀ sì gba gbogbo àwòrán náà. A kì í sanwó wọlé síbẹ̀. Ẹ kó owó wẹ́wẹ́ dání o, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn Ítálì, ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn ń sọ owó sí kí iná tó tàn sí àwòrán.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó jẹ́ ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń tì lọ́jọ́ Ajé. Oúnjẹ ọ̀sán máa ń parí ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, ilé oúnjẹ kì í sì í tún ṣí títí di aago méje ààbọ̀ alẹ́. Láàárín méjèèjì, ilẹ̀ ti ṣú, òtútù ti dé, ebi ń pa ènìyàn. Nítorí náà, yàrá tó ní ibi ìdáná kékeré ni a gbà ní Róòmù. Kọfí nìkan ni ó wà ní gbogbo ìgbà, ẹni tó bá dúró mu ún nídìí káńtà máa ń san owó tó kéré sí ti ẹni tó jókòó. A mọ ẹni tí yóò jókòó nínú wa, a ti fi owó rẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìgbèríko ni ó dùn mọ́ wa jù. Láti ọdún 1985 ni òfin Ítálì ti fún àwọn àgbẹ̀ láyè láti máa gba àlejò sí ilé oko wọn, agriturismo ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a kọ̀wé sí ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ òkè Orvieto fún oṣù kìn-ín-ní, ìyá onílé dáhùn pé ní títì ni àwọn máa ń wà nígbà náà, bíi ti ọ̀pọ̀ irú wọn, a sì lọ gba yàrá sínú ìlú. Nígbà tí a tún kọ̀wé fún oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí á máa bọ̀, ìgbà náà gan-an ni àwọn ń ká èso ólífì! A pa ti inú ìlú tì, owó alẹ́ kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ní àgbègbè Umbria yẹn, láti oṣù kẹwàá ni ìkórè ti ń bẹ̀rẹ̀, ilé ìfúntí a sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, nítorí èso tí wọ́n bá ká, wọn kì í fẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó fún un. Òróró tuntun náà máa ń ní àwọ̀ ewé, ó sì máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun bí ata, wọ́n á dà á sórí búrẹ́dì tí wọ́n yan lórí iná. Ọ̀kan nínú wa dàgbà sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa. Láti ìgbà tí lẹ́tà ìyá onílé ti dé ni kò ti sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Orvieto fúnra rẹ̀ wà lórí àpáta tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìsàlẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojú irin wà, ọkọ̀ kékeré orí irin kan ni ó sì ń fa èrò gòkè. Kò tó wákàtí kan ààbọ̀ láti Róòmù. Ìdí tí a fi yàn án nìyẹn, ìgbèríko tí ènìyàn lè dé láìwa mọ́tò. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ wa mọ́tò, àárín ọ̀pọ̀ ìlú Ítálì ni àlejò kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ wọ̀, kámẹ́rà ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀, ìwé ìtanràn a sì tọ̀ yín wá sílé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni wọ́n ti ń béèrè táyà òtútù tàbí ṣéènì táyà. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé mọ́ ọn.

Kàtídírà kan wà ní Orvieto tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1290. Láàárín 1499 sí 1504, Luca Signorelli ya ọ̀rọ̀ ìgbà ìkẹyìn sí ara ògiri yàrá kan nínú rẹ̀: àwọn òkú ń fa ara wọn yọ nínú ilẹ̀, egungun ń wọ ẹran, Aṣòdì-sí-Kristi sì dúró lórí pèpéle, ó ń wàásù fún èrò, èṣù ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Ẹ ronú pé ènìyàn wo irú àwòrán yẹn nígbà tí kò sí èrò tó ń ti ènìyàn lẹ́yìn! Kànga kan tún wà níbẹ̀ tí póòpù kan ní kí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn tí ogun kó Róòmù ní 1527. Ó jìn tó mítà 53, ọ̀nà àkàsọ̀ méjì ló yí i ká, 248 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìbaaka tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi má baà pàdé èyí tó ń gòkè bọ̀. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò báyìí pé ọ̀kan nínú wa ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Ìkejì yóò jókòó sí òkè, yóò mu kọfí lórí ìjókòó, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé "gbìyànjú." A tún un kà fún ara wa lẹ́ẹ̀mejì.

Venice ni a fi ìgboyà mú. Afárá rẹ̀ lé ní 400, àkàsọ̀ sì wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ẹni tí orúnkún ń dùn ló sì fẹ́ rí Venice jù, láti ìgbà èwe. Nítorí náà, ilé tó wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní vaporetto ni a wá, láìsí afárá kankan láàárín wọn, ìwé ìwọkọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni a ó sì rà. Omi ńkọ́? Ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù ni omi òkun máa ń gun ìlú náà. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 1966 ni ó ga jù, ó tó sẹ̀ǹtímítà 194, ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2019 ó tún tó 187. Láti oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n ti ń gbé àwọn ilẹ̀kùn irin 78 dìde lẹ́nu òkun bí wọ́n bá rí i pé omi ńlá ń bọ̀. Omi kékeré ṣì lè wọ gbàgede Máàkù Mímọ́, nítorí ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Bàtà rọ́bà la ó kó dání dípò bàtà saldi. Owó ìwọlé tí Venice bẹ̀rẹ̀ sí gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò sùn mọ́jú láti 2024, àwọn ọjọ́ kan láàárín ìgbà ìrúwé àti ooru ni ó wà fún, kò kàn wá. Padua kò jìnnà sí i, bí ìdajì wákàtí lọ́kọ̀ ojú irin, ìjọ àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀ tí a ó ti sìn lọ́jọ́ Ìsinmi kejì.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa rí, ìyẹn ni iná ìmúlémóoru. Òfin ni ó ń sọ ìgbà tí wọ́n lè tàn án nínú ilé ní Ítálì. Ní Venice, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni, ní Róòmù ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá, fún wákàtí méjìlá lójúmọ́, ṣùgbọ́n ní Naples ó di ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè pẹ̀lú, ilé àtijọ́ kì í sábà ní in.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà, físà Schengen ni ẹ ó gbà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ dín sí ọjọ́ 15. Láti oṣù kẹfà 2024, yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, ìnṣọ́ránsì tó lè san 30,000 yúrò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín. Àwa tí a ní páásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó kò nílò físà fún ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ojú wa tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka ní ẹnubodè. Ẹni tó bá ní orúnkún, kí ó béèrè àga.

Ó ku ọjọ́ kan lófo nínú ètò Róòmù, lórí rẹ̀ ni a sì ń jiyàn sí títí di bí a ti ń kọ èyí. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì náà, nígbà tí kò yẹ fún ìrìn ni wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Ítálì. Ọkọ̀ fọ́, ó lo oṣù mẹ́ta ní erékùṣù Mẹ́lítà, tí a ń pè ní Malta lónìí, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Pútéólì, níbi tí àwọn ará ti dá a dúró fún ọjọ́ méje. Pútéólì ṣì wà. Pozzuoli ni wọ́n ń pè é, lẹ́bàá Naples. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré máa ń dé Naples láti Róòmù ní nǹkan bíi wákàtí kan lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ inú ìlú a sì gbé ènìyàn débẹ̀. Lórí ọ̀nà Appia, tí àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí la ní ọdún 312 ṣáájú ìbí Olúwa, ni Pọ́ọ̀lù gbà wọ Róòmù. Àjọ UNESCO fi í sára ogún àgbáyé ní 2024. Òkúta rẹ̀ kò dára fún orúnkún, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ó fi rìn ín lẹ́yìn odi Róòmù, ìyẹn kò sí àríyànjiyàn. Pozzuoli ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbé ilẹ̀ ibẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, láti 2023 ilẹ̀ náà sì ti ń mì léraléra. Ọ̀kan nínú wa ní kí á lọ fẹsẹ̀ tẹ ibi tí Pọ́ọ̀lù gúnlẹ̀ sí. Ìkejì ní ẹsẹ̀ tí kò tíì rí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ, ibi tí ilẹ̀ kì í mì ni kí ó dúró. Ìgbà míì wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Ítálì máa ń daṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké kì í sì í dájú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ àfi láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́, ìyẹn náà a lè bá wa dá ẹjọ́ náà. Nítorí náà, gbogbo ètò yòókù la fi bírò kọ. Pozzuoli nìkan ni a fi pẹ́ńsù kọ.